Ìgúnpá tẹ́níìsì láìgbá tẹ́níìsì: kí ló bàjẹ́ níbẹ̀ gan-an?

Akọ̀wé43

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ ọdún 43 ni mí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mi ò di pátákó tẹ́níìsì mú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí tí ìgúnpá ọ̀tún mi ti ń dùn mí lápá ìta. Kò wú, kò pọ́n, kò gbóná. Ṣùgbọ́n kí n kàn fẹ́ gbé ife omi báyìí, á ta mí bíi pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún mi. Ṣíṣí ìdérí ìgò ti di iṣẹ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun mi pé. Wọ́n ní ìgúnpá tẹ́níìsì ni, wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú wíwú lọlẹ̀, mo lò ó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tu irun kan lára ẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹlòmíì ní kí n so apá kọ́rùn kí n má fi ṣe nǹkan kan mọ́. Kí n tó tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: bí eegun bá pé, tí ibẹ̀ ò sì wú, kí ló ń dùn mí?

* * *

Onífísíò

Ìbéèrè yẹn yẹ kí wọ́n ti dá yín lóhùn kí wọ́n tó kọ oògùn fún yín. Mo ti ń tọ́jú apá àti ejìká èèyàn láti ọdún 16 sẹ́yìn, tèmi náà sì ti dùn mí rí, màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ibẹ̀ ná. Ẹ gbé apá ọ̀tún lé tábìlì, kẹ́ ẹ ká ìgúnpá kò díẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú bolẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò òsì wá ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá. Ẹ máa kan kókó eegun kan tó yọrí síta. Ibẹ̀ ni eegun apá òkè parí sí. Ẹ wá rọra sún àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀, sí apá ọ̀dọ̀ ọwọ́, kó má ju ìbú ìka kan lọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ta gìrì, a ti débẹ̀. Ẹ má tíì yọ àtàǹpàkò o. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti ọrùn ọwọ́, bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Nǹkan tó le gan-gan lábẹ́ àtàǹpàkò yín yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ẹran apá mẹ́rin, àwọn tó ń gbé ọwọ́ àti ìka sẹ́yìn, ló fi okùn kan so mọ́ kókó kékeré yẹn. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni extensor carpi radialis brevis. ECRB ni màá máa pè é kí ahọ́n wa lè sinmi. Ó gbéra láti kókó yẹn, ó gba ẹ̀yìn apá wálẹ̀, ó sì lọ so mọ́ ìdí eegun tó gbé ìka àárín ró lẹ́yìn ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ fi máa ní kẹ́ ẹ na apá tán, kẹ́ ẹ gbé ìka àárín nìkan sókè, kóun máa tì í wálẹ̀. Ìka lẹ ń gbé, ìgúnpá ló ń ké.

* * *

Káfíńtà_Gidi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí láyè. Èmi náà ní in. Àmọ́ òòlù ni mo máa ń dì mú, mi ò kì í gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹran iwájú apá ló ń di nǹkan mú. Kí ló kan ti ẹ̀yìn?

* * *

Onífísíò

Àbúrò, ibi tó ń rú gbogbo èèyàn lójú lẹ fọwọ́ bà yẹn. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín wálẹ̀ tán, kí ọwọ́ so rọ̀. Ẹ wá gbìyànjú láti di ìkúùkù líle. Kò lè le, àbí? Àwọn okùn tó ń pa ìka dé gba iwájú ọrùn ọwọ́ kọjá, bí wọ́n ṣe ń fa ìka náà ni wọ́n ń fa ọrùn ọwọ́ wálẹ̀. Ẹnì kan ní láti dì í mú láti ẹ̀yìn kó má baà ká. ECRB wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò sígbà tẹ́ ẹ máa di òòlù mú tí kò ní fà, bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá ń lo sukurudíráfà, tẹ́ ẹ bá ń fún aṣọ, tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò kúrò lórí iná, tàbí tẹ́ ẹ gbé ọmọ láti inú ibùsùn ẹ̀ pẹ̀lú apá nínà. Ti Akọ̀wé náà ò yàtọ̀: ọwọ́ tó wà lórí máọ̀sì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ wà nínà sẹ́yìn díẹ̀ ni, okùn yẹn ò sì rí ìsinmi.

Nǹkan míì tún wà. Bẹ́ ẹ bá na ìgúnpá tán, tẹ́ ẹ sì yí àtẹ́lẹwọ́ dojú bolẹ̀, abẹ́ okùn ECRB máa ń fara ha orí eegun roboto tó wà nínú oríkèé níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ń fà, ó tún ń ha. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú gbígbé korobá pẹ̀lú apá nínà àti gbígbé e pẹ̀lú ìgúnpá kíká mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ní ti orúkọ yẹn, tẹ́níìsì kàn jókòó lé e ni. Ní 1873, Runge, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti kọ̀wé nípa ìrora yìí, ìṣòro àwọn tó ń kọ̀wé ló sì pè é. Ó di 1883 kí ẹnì kan tó ń jẹ́ Major tó pè é ní ìgúnpá tẹ́níìsì orí pápá nínú British Medical Journal, ìwé àwọn dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ni àìsàn yín o. Àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì ló wá gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

* * *

Ìyá Ìbejì

Mo ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á ti sọ pé «iṣan ló fà». Ẹ̀yin náà ń pè é ní okùn, dókítà mi ń pè é ní iṣan, ẹni tó ń wọ́ mi lápá náà ní iṣan ni. Iṣan wo nínú iṣan?

* * *

Onífísíò

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Èdè wa fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan mẹ́rin, ibẹ̀ sì ni ìtọ́jú tí ń ṣìnà. Tẹ́nì kan bá ní «iṣan mi fà», ó lè jẹ́ ẹran tó ń sún ara ló ń sọ. Ó lè jẹ́ okùn funfun tó so ẹran mọ́ eegun. Ó lè jẹ́ nẹ́ẹ̀fù tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Níbí, ẹran ni màá pe ti àkọ́kọ́, okùn ni màá pe èkejì, nẹ́ẹ̀fù ni ẹ̀kẹta, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀kẹrin. Okùn ló bàjẹ́ nínú ìgúnpá tẹ́níìsì.

Ẹran tó fara pa máa ń tètè sàn nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀. Okùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe funfun? Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ń wọ́ ẹran apá yín tó ń sọ pé òun ti tú iṣan ká, ara á tù yín díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàhálà ò sí nínú ẹran.

* * *

Alátakò

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ka ìwé díẹ̀. Lateral epicondylitis lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Orúkọ tó bá ti parí sí «itis», wíwú àti gbígbóná ló túmọ̀ sí. Báwo lẹ ṣe ní kò wú? Ṣé gbogbo àwọn tó kọ ìwé ló ṣìnà ni?

* * *

Onífísíò

Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó la ibẹ̀ wò dáadáa. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àìsàn.

Ẹ fojú inú wo okùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́. Fọ́nrán ẹ̀ to ti ara wọn, gbogbo wọn kọjú síbi kan náà. Bí okùn ara tó dá ṣáṣá ṣe rí nìyẹn: ó funfun, ó ń dán, ó le. Kọ́lájìn ni wọ́n ń pe fọ́nrán yẹn, irú kìíní ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Ní 1979, Nirschl àti Pettrone, oníṣẹ́ abẹ méjì ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ibi tó bàjẹ́ lára okùn yẹn ti ṣe bí eérú, kò dán mọ́, ó ti rọ̀. Lábẹ́ maikirosikóòpù, fọ́nrán ò tò mọ́, wọ́n forí gbárí bí òwú tí ọmọ kékeré fi ṣeré. Sẹ́ẹ̀lì tó ń hun kọ́lájìn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ hù káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gbé ẹ̀jẹ̀ tó wúlò. Àwọn tó wádìí ẹ̀ lẹ́yìn wọn rí i pé kọ́lájìn irú kẹta, èyí tí ara máa ń fi di ojú egbò fún ìgbà díẹ̀, ló ń pọ̀ níbi tó yẹ kí irú kìíní wà. Ẹ wá gbọ́ o: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń rọ́ dé níbi tí ara bá ti wú tó sì gbóná, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Angiofibroblastic hyperplasia ni Nirschl àti Pettrone pè é. Lónìí, tendinosis tàbí tendinopathy ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń pè é, wọ́n ti yọ «itis» kúrò.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tó jókòó síwájú mi ni pé ògiri ló sán, kọ́lékọ́lé wá, àmọ́ kò lo bíríkì tó yẹ, kò tò ó gún, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, ó tún padà wá, ó tún fi sílẹ̀. Ara ń tún un ṣe lóòótọ́. Àtúnṣe ọ̀hún ni kò parí. Oògùn tó ń pa iná ò wúlò níbi tí iná ò ti jó, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Akọ̀wé fi já sófo.

Alátakò, mi ò ní sọ pé ẹ ò ní ibì kankan tẹ́ ẹ dúró sí. Àwọn olùwádìí òde òní ti rí àmì wíwú nínú irú okùn báyìí, pàápàá níbẹ̀rẹ̀ àìsàn, àríyànjiyàn náà ò sì tíì parí láàárín wọn. Àmọ́ ti oṣù márùn-ún, tí kò pọ́n tí kò gbóná? Èmi ò ní tọ́jú ẹ̀ bí ohun tó wú.

* * *

Ìyá Ìbejì

Tí kò bá wú, kí ló wá ń ta èèyàn báyìí? Ògiri kì í ké kẹ̀.

* * *

Onífísíò

Hàà, ẹ mú mi! Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn ṣe ń hù wọlé, nẹ́ẹ̀fù tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ti rí nẹ́ẹ̀fù bẹ́ẹ̀ ní ìdí ECRB àwọn tó ní àìsàn yìí, pẹ̀lú kẹ́míkà tó ń gbé ìrora, irú substance P. Nígbà tó bá sì ti pẹ́, ọpọlọ pàápàá máa ń gbé ohùn ibẹ̀ sókè, kí nǹkan kékeré tó fọwọ́ kàn án á ti di ariwo. Nítorí náà, bí ìrora ṣe pọ̀ tó kọ́ ni ìbàjẹ́ ṣe pọ̀ tó. Mo ti rí ẹni tí àwòrán fi hàn pé okùn ẹ̀ ya díẹ̀, tó ń gbé ẹrù láìmọ nǹkan kan. Mo ti rí ẹni tí àwòrán ẹ̀ mọ́ tónítóní tí kò lè bọ èèyàn lọ́wọ́.

* * *

Ọmọ-Pápá

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ara yín lágara. Abẹ́rẹ́ sítíróìdì ni kó lọ gbà jàre! Èmi gbà á, kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi padà sórí pápá. Gbogbo àwọn tá a jọ ń gbá tẹ́níìsì ló ti gbà á.

* * *

Onífísíò

Ẹ̀yin nìkan lẹ ní àìsàn yìí lórúkọ, kò yẹ kẹ́ ẹ máa fi ìtọ́jú tó burú ràn wá. Mo ń ṣeré ni o.

Òótọ́ lẹ sọ, ó máa ń ṣiṣẹ́ kíá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 2002, wọ́n pín èèyàn 185 sí ọ̀nà mẹ́ta nílẹ̀ Netherlands: àwọn kan gba abẹ́rẹ́, àwọn kan ṣe fisiotẹ́rápì, àwọn yòókù kàn ní sùúrù, wọ́n gba ìmọ̀ràn, wọ́n dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ara 92 nínú 100 àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ti yá, nígbà tí ti fisiotẹ́rápì jẹ́ 47, àwọn tó dúró jẹ́ 32. Tá a bá dúró níbẹ̀, abẹ́rẹ́ gba ife. Wọ́n tún padà bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ọdún kan. Fisiotẹ́rápì, 91. Àwọn tó kàn dúró, 83. Abẹ́rẹ́, 69. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan sàn ju ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lọ.

Ní Ọsirélíà, ní 2013, wọ́n tún dán an wò pẹ̀lú èèyàn 165, wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tòótọ́, àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Ìrora padà wá bá 54 nínú 100 àwọn tó gba tòótọ́. Nínú àwọn tó gba ti ẹ̀tàn, 12 péré.

Èmi náà gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fi rólà kun àjà ilé mi láti àárọ̀ Sátidé títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, apá nínà, ọwọ́ lókè, àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Lọ́jọ́ Ajé mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tí mo ń sọ fún àwọn èèyàn, mo sì tún lọ gba abẹ́rẹ́ níbì kan, torí pé ìrora kì í jẹ́ kéèyàn rántí ìwé tó kà. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ń gbé nǹkan bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Lẹ́yìn oṣù méjì ó padà, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gba èkejì. Títí dòní, ojú ibi tí wọ́n ti gún mi ṣì funfun, kò tóbi ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ, awọ ibẹ̀ sì jìn wọnú díẹ̀, torí pé oògùn yẹn lè jẹ ọ̀rá abẹ́ awọ, ó sì lè pa àwọ̀ ara. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó máa ń hàn ketekete.

Ẹni tó fẹ́ gbà á torí nǹkan pàtàkì kan tó wà níwájú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní bá a jà. Kó ṣáà mọ iye tó máa san lẹ́yìn.

* * *

Ọmọ-Pápá

Ó dáa, mo gbọ́. Tèmi náà ti padà, mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ gbígbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ìyẹn backhand, ló máa ń fà á fún àwa?

* * *

Onífísíò

Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan gbá ọwọ́ ẹ̀yìn, tó jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ká nígbà tí bọ́ọ̀lù kan pátákó, gbogbo agbára bọ́ọ̀lù yẹn ló dà sórí ECRB nígbà tó ń nà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ dúró gbọn-in, ejìká àti ara ni wọ́n fi ń gbá a. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń mú àwọn tó ń gbá a fún ìgbádùn ju àwọn tó ń fi í jẹun lọ. Ẹ wo ìdì pátákó yín náà, kó má ṣe kéré jù. Kì í ṣe tẹ́níìsì nìkan náà o: Sachin Tendulkar, agbá kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Íńdíà, ní in ní 2004, ó jókòó sílé títí.

* * *

Káfíńtà_Gidi

Èmi ti so tèmi kọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìrora lọ. Ọjọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́, kí n tó kan ìṣó kẹwàá, ó ti dé. Ṣé kí n fi kún ọ̀sẹ̀ ni?

* * *

Onífísíò

Rárá o. Okùn ò dà bí ògiri mi àná níbi kan: ohun tí ẹ bá gbé lé e ló fi ń mọ bó ṣe máa tún ara ẹ̀ ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan tó pọ̀ jù lé e, á fà ya. Tẹ́ ẹ ò bá gbé nǹkan kan lé e, fọ́nrán tuntun ò ní mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí, ẹran náà á sì rù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà lọ́rùn yẹn, okùn yín ò sàn, ó kàn ń sùn ni. Ẹ wá jí i pẹ̀lú òòlù.

Cook àti Purdam, olùwádìí méjì, to ọ̀rọ̀ yìí sí ìpele mẹ́ta ní 2009. Ní ti àkọ́kọ́, okùn kàn bínú sí iṣẹ́ àpọ̀jù, ó nípọn díẹ̀, tẹ́ ẹ bá dín iṣẹ́ kù, ó lè padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èmi lọ́jọ́ Ajé yẹn nìyẹn, ká ní mo ní sùúrù ni. Èkejì ni àtúnṣe tí kò bójú mu, fọ́nrán ti ń dàrú. Ẹ̀kẹta, ibì kan nínú okùn ti kú, kò sì dájú pé á padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ibi tó kù láyìíká ẹ̀ ṣì dáa, òun lẹ máa kọ́ láti gbé ẹrù. Nítorí náà, bí okùn ṣì rí gbágungbàgun nínú àwòrán, ìrora lè ti lọ.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí. Gbé apá lé tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ yọ kọjá etí tábìlì. Di ìgò kan mú tí omi wà nínú ẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbé ọwọ́ dúró tààrà, má sún un, ka 30 tàbí 40, gbé e sílẹ̀, ṣe é bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí ìyẹn bá rọrùn, fi ọwọ́ kejì bá a gbé ìgò sókè, kí ọwọ́ tó ń dùn wá dá sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ka 4 kó tó délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí 15, sinmi, tún un ṣe títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá rọrùn, bu omi kún un.

Á dùn yín díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Bí 10 bá jẹ́ ìrora tó burú jù, ẹ lè gbà á títí dé 3 tàbí 4, tó bá ti rọlẹ̀ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí àárọ̀ kejì bá burú ju ti àná lọ, ẹ ti ṣe àṣejù, ẹ dín omi kù. Kò ní yá lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta.

Ní ti iṣẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ yí i padà. Ẹ gbé nǹkan pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ sókè, ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ we ìdì òòlù kó nípọn. Àárín ìṣó ogún sí ogún, ẹ gba ọwọ́ kejì láyè.

* * *

Ìyá Ìbejì

Bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ apá ńkọ́?

* * *

Onífísíò

Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, àwọn míì ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ dè é sórí ẹran, bí ìka méjì sísàlẹ̀ kókó yẹn, ẹ má dè é lé kókó fúnra ẹ̀ lórí. Tí ìka bá ń ṣe wùrùwùrù, ó ti le jù. Kò wo nǹkan kan sàn, ó kàn ń gbà díẹ̀ lára ẹrù.

* * *

Alátakò

Sà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ya MRI, àwòrán inú ara, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé okùn ẹ̀ ti ya níbi kan. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún ní àwọn lè fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n yọ èyí tó lágbára nínú ẹ̀, kí wọ́n gún un padà síbẹ̀. Owó ńlá ni.

* * *

Onífísíò

Ọ̀rọ̀ «ya» yẹn ló ń já èèyàn láyà. Ọ̀pọ̀ irú yíya kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń wà lápá ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Kí ni agbára ọwọ́ ẹ̀? Ṣé ó lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè? Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí ìwé sọ lọ. Tó bá jẹ́ pé ó já pátápátá lẹ́yìn ìṣubú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, kó tètè lọ bá oníṣẹ́ abẹ.

Fífi ẹ̀jẹ̀ ara ẹni gún ara ẹni dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ nígbà tí àjọ Cochrane kó gbogbo àyẹ̀wò tó wà nílẹ̀ jọ ní 2021, wọn ò rí i pé ó fi nǹkan gidi ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn lọ. Iṣẹ́ abẹ náà ńkọ́? Ní 2018, àwọn kan ní Ọsirélíà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò lára àwọn kan, wọ́n sì kàn la awọ àwọn yòókù, wọ́n rán an padà láìṣe nǹkan kan sí okùn. Èèyàn 26 ni, kò pọ̀. Àwọn méjèèjì ló sàn, kò sí ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Mi ò sọ pé iṣẹ́ abẹ ò ní àyè ẹ̀ o. Ó kéré tán, kí ẹ̀gbọ́n yín ti fi odindi oṣù 6 sí 12 ṣe eré ìmárale tó péye, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ.

Àsìkò náà ni mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ rántí ìṣirò tó wà lókè yẹn: 83 nínú 100 àwọn tó kàn ní sùúrù ló sàn láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń gba ìyìn iṣẹ́ tí àsìkò ṣe.

Kò sì yẹ ká máa pe gbogbo ìrora ìgúnpá ní tẹ́níìsì. Tí ibi tó ń dùn bá jìnnà sí kókó yẹn, bí ìbú ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sísàlẹ̀, nínú ẹran, tó ń jẹni lóru, ó lè jẹ́ nẹ́ẹ̀fù tó gba àárín ẹran kọjá níbẹ̀ ni nǹkan fún. Tí ọrùn bá ń dùn, tí ọwọ́ ń kú tìpìrì, ẹ lọ yẹ ọrùn wò. Tí ìgúnpá bá ń há, tí kò nà tán, tàbí tó wú pẹ̀lú ibà, ẹ má ṣe jókòó ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ lọ rí dókítà. Ti ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n ń pè ní ti gọ́ọ̀fù. Àwọn ẹran tó ń ká ọwọ́ ló so mọ́ ibẹ̀, ìtọ́jú wọn jọra.

* * *

Akọ̀wé43

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Mo fi àtàǹpàkò wá a, ibẹ̀ gan-an ni, mo kígbe tí àwọn ọmọ fi sáré wọlé. Ìka àárín náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti ti máọ̀sì sún mọ́ra, mo sì ti ń fi ọwọ́ òsì lò ó láti àná, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Mo bu omi kún ìgò lítà kan àtààbọ̀ báyìí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

* * *

Onífísíò

Akọ̀wé! Ẹ da èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ nù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò kékeré, ìdajì lítà, kí omi má tíì kún un. Kí ẹ sì di ọrùn ìgò mú jẹ́jẹ́, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ pa á. Ẹ padà wá sọ fún wa bí àárọ̀ ọ̀la bá ṣe rí.